Àtàǹpàkò àti Ìṣẹ́jú Méjì

104

...tí olùdánwò yàrá kejì sì tú aago ọwọ́ rẹ̀ kó tó la ẹnu. Nọ́ọ̀sì, ọmọ ọmọ ìyá àgbà, ń sọ̀rọ̀ lọ, kò mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù ti dúró sójú kan lórí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì.

"Màmá! Aṣọ ń jó!"

Ìyá àgbà gbé áyọ́ọ̀nù sókè. Ó ti pẹ́ jù. Àmì pupa rúsúrúsú kan ti wà lára kọ́là, ó rí roboto bí ojú àtàǹpàkò. Láti ọdún mọ́kànlélógójì tí ìyá yìí ti ń lọ aṣọ fún ayé, èyí ni àkọ́kọ́ tí yóò jó mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ó tú aago, ó ṣe é báwo?"

"Ó gbé e sórí tábìlì, ó kọjú rẹ̀ sí ara rẹ̀. Ó wá ní kí n máa sọ Òyìnbó lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run ni mo fi yege."

"Ṣé ó ní àpá kan lágbọ̀n, bí ẹyọ ìrẹsì?"

"Ó ní i. Ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Ìyá àgbà ń fi èékánná ha ibi tó jó.

"Ìdánwò yìí," ó ní, "ṣé wọ́n fi òfin dè é pé kí arúgbó má ṣe é?"

105

Ilé ìfọṣọ náà kò ní ìwé mìíràn ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Nọ́ńbà wà lójú kan, wọn á fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ aṣọ oníbàárà. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì ni Màmá kọ gbogbo èyí sí, àwọn ibòmíràn sì jẹ́ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń kà á, kó máa tẹ̀lé nọ́ńbà.

119 kò sí níbẹ̀. Ẹ má wá a.

106

ÌKÉDE

KÍLÁÀSÌ ÌDÁNWÒ ÒYÌNBÓ
òkè ilé oògùn, yàrá ẹ̀yìn
Ọjọ́ Ajé — Ọjọ́rú — Ọjọ́ Ẹtì
aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ géérégé
Ẹ MÚ BÍRÒ WÁ. Ẹ MÚ ẸNU WÁ.
Ẹni tó bá pẹ́, orí ìdúró ni yóò ti kọ́ ọ.

*(Ẹnìkan ti fi pẹ́ńsù kọ sísàlẹ̀: Tíṣà fúnra rẹ̀ ńkọ́?)*

107

Ọjọ́ kìíní. Tíṣà náà, Ẹ-wí-tẹ̀lé-mi ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kó má sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà ní kíláàsì, awakọ̀ àjàgbé kan, onígbàjámọ̀ kan. Gbogbo wọn ló fẹ́ sọdá òkun.

TÍṢÀ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá. Ta lẹ̀ ń wá nínú wọn?

MÀMÁ: Mi ò wá ẹnì kankan. Ìwé ni mo wá kọ́.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: *(ó bú sẹ́rìn-ín)*

MÀMÁ: Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó gẹ irun tìrẹ yìí, kí o má san nǹkan kan fún un.

AWAKỌ̀: Òun fúnra rẹ̀ ló gẹ̀ ẹ́, Màmá!

TÍṢÀ: Ó tó. Màmá, níbo lẹ̀ ń lọ tí ẹ fi fẹ́ ṣe ìdánwò? Ìlú wo?

MÀMÁ: Yàrá kejì.

TÍṢÀ: Ẹ ní kí ni?

MÀMÁ: Máa kọ́ wa lọ, ọmọ mi. Ilẹ̀ ń ṣú.

108

Ohun tí Òyìnbó sọ, àti ohun tí Màmá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá tú àṣírí, wọ́n ní ó da ẹ̀wà nù.
— Ta ló ń gbé àṣírí kaná? Bó bá jinná, ta ni yóò jẹ ẹ́?

Ẹni tó bá kú, wọ́n ní ó ta korobá nípàá.
— Korobá mẹ́fà ló wà nílé ìfọṣọ. Mi ò ní fẹsẹ̀ kan ọ̀kankan títí màá fi dé yàrá kejì.

Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, wọ́n ní labalábá ń fò ní ikùn rẹ̀.
— Tèmi kì í ṣe labalábá. Agbọ́n ni.

Ẹni méjì tó bá parí ìjà, wọ́n ní wọ́n sin àáké.
— Kí ni wọn yóò fi la igi lọ́jọ́ kejì?

Ẹ̀san, wọ́n ní oúnjẹ ni, pé bó bá tutù tán ló ń dùn.
—

*(Níwájú èyí kò kọ nǹkan kan. Ó fi bírò yí i po, ó tún yí i po, títí tíkẹ́ẹ̀tì fi lu.)*

109

Tíṣà ní gbólóhùn Òyìnbó kò le, pé bí èrò ṣe ń tò ló rí. Ẹni tó ṣe nǹkan ni kó síwájú. Ohun tó ṣe ni kó tẹ̀lé e. Ẹni tí wọ́n ṣe é sí ni kó kẹ́yìn.

"Ẹ wí tẹ̀lé mi: Ajá bu ọlọ́pàá jẹ."

Wọ́n wí i. Onígbàjámọ̀ ní kí ọlọ́pàá síwájú nítorí ipò rẹ̀. Tíṣà ní Òyìnbó kò mọ ipò níbi tí eyín bá ti wọlé.

"Màmá, ẹ ṣe tiyín."

Ìyá àgbà dìde. Orúnkún rẹ̀ dún. Ó ní: "Obìnrin náà mú àtàǹpàkò mi."

"Ó dáa gan-an, Màmá! Ẹ fi kún un. Ó mú un lọ síbo?"

"Ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀."

110

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn, ìyá yìí kò tíì di ìyá àgbà fún ẹnìkan. Olùgbálẹ̀ ni ní ilé-ìwé kan. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó ń gba ipò kìíní bí ẹni ń bu omi nínú àmù. Nítorí pé ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà á.

Tíṣà obìnrin kan wà, ọ̀dọ́, aago ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìbéèrè ìdánwò àṣekágbá han àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Àbúrò rẹ̀ fi han ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ fi han ìlú. Àwọn ọ̀gá ní àwọn ń bọ̀ wá wádìí lọ́jọ́ Ajé.

Ní ọjọ́ Ẹtì (ọmọ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ni, kí a fi ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀), tíṣà pe olùgbálẹ̀ wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí. Ó tú aago rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Ìwé tí wọ́n fi máa gbà yín síṣẹ́ pátápátá rèé, ìyá wa. Òyìnbó ni. Ẹ tẹ àtàǹpàkò síbí."

Ó tẹ̀ ẹ́.

111

Ìwé náà. Ẹ̀dà tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tí wọ́n lé e ti wà nínú ọ̀rá láti ìgbà náà, Màmá a máa lọ̀ ọ́ lọ́dọọdún kó má baà ká. Lẹ́yìn oṣù méje ní kíláàsì, ó mú gíláàsì rẹ̀, ó kà á fúnra rẹ̀. Ohun tí Òyìnbó inú rẹ̀ sọ nìyí:

*Èmi, olùgbálẹ̀ ilé-ìwé yìí, jẹ́wọ́ pé mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì mú ìbéèrè ìdánwò jáde. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Wọ́n ka ìwé yìí sí mi létí ní èdè tí mo gbọ́, mo sì fara mọ́ ọn.*

⬤

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ló kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un, lọ́jọ́ Ajé yẹn, nígbà tí wọ́n ti gbé báàgì rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn tọ́ ọbẹ̀ wò fún ọ, kí ìwọ náà tọ́ ọ wò, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Òyìnbó rẹ̀ ń dán bí aṣọ tó jẹ sítáàṣì. Ẹ-wí-tẹ̀lé-mi ì bá fún un ní gbogbo máàkì.

112

Nílé ìfọṣọ. Ìyá àgbà ń lọ aṣọ, ìyá Nọ́ọ̀sì ń ká a. Ìyá Nọ́ọ̀sì yìí ni ọmọ ọdún mọ́kànlá náà. Ó ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta.

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Èmi ni wọ́n lé, Màmá. Ṣé mo rán yín níṣẹ́ ni?

MÀMÁ: Mú kọ́là yẹn tọ́.

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Èmi ti gbàgbé.

MÀMÁ: Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ìwọ kọ́ lo ṣu.

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Mo kó o, mo fọwọ́, mo jẹun. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń gbóòórùn rẹ̀.

MÀMÁ: Ìwọ ni wọn ì bá máa pè ní tíṣà lónìí.

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Àbí kí n máa da ẹ̀wà nù.

*(Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọn kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín.)*

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an? Ọdún mi? Ṣé ó kó o sápò ni?

MÀMÁ: Ohun kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi.

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Kí ni?

MÀMÁ: Mo ní kí o mú kọ́là yẹn tọ́.

113

Aṣọ méjìlélógún ni wọ́n ká lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, kọ́là gbogbo wọn ló sì tọ́.

114

Tíṣà ní nígbà tí ìdánwò sísọ bá dé ìdajì, wọn yóò fi káàdì kan lé ọ lọ́wọ́, ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ ni kí o sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ní kí kálukú múra fún oríṣiríṣi. Ìmúra Màmá:

bí wọ́n bá ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ibì kan — yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí

ohun kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi — ìwé inú ọ̀rá

ìrìnàjò — láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé dé ilé. Èmi, ọmọ mi, báàgì méjì

ojú ọjọ́ — òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà

oúnjẹ — wo 108, ìlà ìkẹyìn

ẹranko — ewúrẹ́ kan dúró lójú ọ̀nà. Ó wò wá

*(Kò sí ewúrẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Màmá ló fi í síbẹ̀. Títí di òní, bó bá rántí ọjọ́ náà, ewúrẹ́ náà á wà níbẹ̀.)*

Tíṣà fi bírò pupa kọ ọ́ sí i: Màmá, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo èyí.

Màmá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Òun náà ni mo ní.

115

Láti inú ìwé òfin ìdánwò. Àwọn tí Màmá fa ìlà sí nídìí:

Ẹni tó ń ṣe ìdánwò ní ìṣẹ́jú kan láti ronú, àti ÌṢẸ́JÚ MÉJÌ láti sọ̀rọ̀.

Láàárín ìṣẹ́jú méjì náà, OLÙDÁNWÒ KÒ GBỌDỌ̀ DÁ SÍ Ọ̀RỌ̀.

A ó gba ohùn àwọn méjèèjì sílẹ̀. A KÒ GBỌDỌ̀ DÁ Ẹ̀RỌ DÚRÓ fún ìdíkídìí.

Ẹlòmíràn, ní olú ilé-iṣẹ́, yóò gbọ́ ohùn náà kí èsì tó jáde.

Olùdánwò tó bá mọ ẹni tó dán wò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: BÓ ṢE MỌ̀ Ọ́N, ÀTI IBI TÓ TI MỌ̀ Ọ́N.

116

Bó bá ní òun kò mọ̀ mí, á jókòó, á gbọ́ ọ tán. Bó bá ní òun mọ̀ mí, á fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ibi tó ti mọ̀ mí. Ọ̀nà méjì ni mo là fún un. Ẹ̀yìnkùlé mi ni méjèèjì já sí.

117

FỌ́Ọ̀MÙ

Ọjọ́ orí: *71*

Iṣẹ́: *alágbàfọ̀*

Ìwé mélòó lẹ kà: *ọ̀kan*

Ìdí tí ẹ fi fẹ́ ṣe ìdánwò (ẹ mú ọ̀kan):
☐ ẹ̀kọ́ ☐ iṣẹ́ ☐ ìrìnàjò ☑ òmíràn

Bó bá jẹ́ òmíràn, ẹ ṣàlàyé: *Ẹnìkan.*

118

Ẹ̀ṣọ́ ibùdó ìdánwò, oníbàárà ni. Yúnífọ́ọ̀mù méjì ló ní, ọ̀kan wà lára rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Màmá.

Ẹ̀ṢỌ́: Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ló ń wá, Màmá. Yàrá kejì, yàrá rẹ̀ ni. Àwọn tí nọ́ńbà wọn bá parí sí méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, òun ló ń gbà wọ́n.

MÀMÁ: Mo ti wo tèmi. Ó parí sí mẹ́fà.

Ẹ̀ṢỌ́: Ẹ ṣoríire nìyẹn, ó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tètè o. Ó ń fẹ̀yìn tì lópin oṣù yìí. Wọ́n ti ń wá ẹ̀bùn tí wọ́n máa fún un.

MÀMÁ: Tèmi ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀ṢỌ́: Háà, Màmá! Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n?

MÀMÁ: Ṣòkòtò rẹ ti ya nídìí. Mo ti bá ọ rán an. Má fi tọrẹ.

120

Ọ̀rọ̀ tí Nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́ lórí fóònù láti ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ lókè òkun:

"Màmá mi, ẹ káàsán o. Mọ́mì ti sọ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá mi. Obìnrin yẹn ti darúgbó. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó ń dán mi wò, mi ò sọ fún yín ni. Ẹ ti kọ́ Òyìnbó, ó tó bẹ́ẹ̀, gbogbo wa ń fi yín yangàn. Ẹ sin àáké, Màmá."

Èsì:

"Ọmọ mi, mo gbọ́. Mo bi tíṣà. Kò sí ibì kankan nínú ìwé wọn tí wọ́n ti ní ẹni tí wọ́n fi àáké náà gé ni kó gbẹ́ ilẹ̀. Ṣé o ti jẹun?"

121

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó lọ aṣọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé òun.

Lẹ́nu ọ̀nà, akọ̀wé kan ní kí kálukú tẹ àtàǹpàkò sórí ẹ̀rọ kékeré kan tí iná àwọ̀ ewé ń tàn nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun lòun. Èrò ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wọlé. Ó kan Màmá.

Màmá fi àtàǹpàkò pamọ́ sínú ìkúùkù.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Màmá."

"Kí ló kọ sára rẹ̀?"

"Kò kọ nǹkan kan. Ìka yín nìkan ló ń fẹ́."

"Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ yẹn, yí i sí mi."

Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pòṣé. Ẹnìkan ní ìyá yìí yóò kà á títí ìdánwò yóò fi parí. Ohùn onígbàjámọ̀ dún láti ẹ̀yìn pátápátá: "Ẹ fi ìyá wa sílẹ̀ o! Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á!"

Nígbà tó kà á tán ló tẹ̀ ẹ́.

122

Yàrá kejì. Tábìlì kan, àga méjì, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n sọ o. Bí Màmá ṣe tún un sọ fún ọmọ rẹ̀ lédè wa nìyí, kò sì fi kún un, kò yọ kúrò.

*[Olùdánwò tú aago rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì. Ó kọjú rẹ̀ sí ara rẹ̀.]*

OLÙDÁNWÒ: Káàdì yín nìyí. Ẹ ní ìṣẹ́jú kan láti ronú.

*[Lórí káàdì:* Sọ̀rọ̀ nípa ẹnìkan tó kọ́ ọ ní nǹkan pàtàkì. *Màmá kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ń wo aago.]*

OLÙDÁNWÒ: Ẹ lè bẹ̀rẹ̀.

MÀMÁ: Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa tíṣà kan. Ó kọ́ mi ní ìwé kíkà. Kò kọ́ mi ní a, b, d. Ó kọ́ mi ní ìdí tí ènìyàn fi ń kàwé.

Mo pàdé rẹ̀ ní ilé-ìwé. Òun ń kọ́ ọmọ. Èmi ń gbálẹ̀. Ó ní àpá lágbọ̀n. Ó ní aago ọwọ́. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ pàtàkì, ó máa ń tú aago náà. Ó máa ń gbé e sórí tábìlì.

*[Àga dún.]*

Tíṣà náà da ẹ̀wà nù. Ó ń wá ẹni tó máa gbá a. Olùgbálẹ̀ ni mí.

Ó kọ ìwé kan. Ó mú àtàǹpàkò mi. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé náà. Ìwé náà sọ pé mo jalè. Mi ò jalè. Wọ́n lé mi. Wọ́n lé ọmọ mi. Ọmọ mi ń gba ipò kìíní. Ọmọ mi kò wọ kíláàsì mọ́. Ó ń ká aṣọ. Ó ti ká aṣọ fún ọdún mọ́kànlélógójì.

*[Olùdánwò ń wo ẹ̀rọ. Iná pupa ẹ̀rọ ń tàn. Kò fọwọ́ kàn án.]*

Mo fi oúnjẹ kan pamọ́. Mo dúró kó tutù. Ó ti tutù. Mo gbé e wá lónìí.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà. Lẹ́yìn tí mo tẹ àtàǹpàkò. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Mo—

*[Màmá ń wo àtàǹpàkò rẹ̀.]*

Mo—

*[Ìṣẹ́jú méjì pé.]*

OLÙDÁNWÒ: Ẹ ṣeun.

*[Ohun tí òfin ní kí olùdánwò sọ níbẹ̀ nìyẹn, fún gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà kó béèrè ìbéèrè tó wà lẹ́yìn káàdì.]*

OLÙDÁNWÒ: Ṣé... ṣé ẹ ṣì máa ń rí ẹni yìí?

MÀMÁ: Bẹ́ẹ̀ ni.

*[Olùdánwò tún wo ẹ̀yìn káàdì.]*

OLÙDÁNWÒ: Ṣé ẹni náà mọ̀ pé ẹ ṣì ń rántí òun?

MÀMÁ: Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni.

*[Ìbéèrè mẹ́rin ló kù, nípa ẹ̀kọ́ àti ilé-ìwé láyé òde òní. Olùdánwò béèrè gbogbo wọn. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, àfi pé ó béèrè ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì.]*

123

Láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́, lórí fóònù, lọ́sàn-án ọjọ́ náà:

màmá ẹ kú iṣẹ́. ìyá yàrá kejì ti lọ sílé láìdágbére fún ẹnìkan o. ó gbàgbé aago rẹ̀ sórí tábìlì. kí lẹ sọ fún un

119

Àṣé ó wà. Màmá ló ya á sí mẹ́rin, tó jù ú sínú omi ọṣẹ. Ìyá Nọ́ọ̀sì rí i ní ìsàlẹ̀ korobá. Ó tẹ́ ẹ, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó lọ̀ ọ́ gbẹ. Ó gbé e sórí tíkẹ́ẹ̀tì yòókù, kò sọ̀rọ̀. Bírò rẹ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà:

*Lẹ́yìn tí mo tẹ̀ ẹ́ tán tàdáwà dúdú wà ní àtàǹpàkò mi. Mo fẹ́ nù ún mọ́ aṣọ mi. Ó ní rárá ìyá wa. Ó yọ áńkáṣíìfù rẹ̀ funfun ó sì nu àtàǹpàkò mi mọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni nu ojú ọmọ tuntun. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun ọ̀gá mi. Mo ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ dàgbà kí ẹ dogbó. Mo gbàdúrà fún un. Àdúrà náà sì gbà. Ẹ wò ó ó dàgbà ó dogbó aago rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.*

*Wọn kò jí ẹ ṣeun mi. Èmi ni mo fún un. Òun ni mo fẹ́ lọ gbà.*

Lẹ́yìn rẹ̀, lójú tí nọ́ńbà wà, ọwọ́ ìkọ̀wé mìíràn, tó mọ́, tó tò, bí ti ẹni tí ń gba ipò kìíní:

*Màmá, mo kà á. Bí ẹ bá tún ń lọ, mo ń bá yín lọ.*

124

ÈSÌ ÌDÁNWÒ

| | |
|---|---|
| Gbígbọ́ | 5 |
| Kíkà | 6½ |
| Kíkọ | 4½ |
| Sísọ | — |

*Nípa sísọ: Olùdánwò ti kọ ìwé kan sílẹ̀ lórí ìdánwò yìí, gẹ́gẹ́ bí òfin. A kò lè gbé èsì jáde títí ẹ ó fi rí ìwé náà. A ń pè yín láti wá kà á ní ọ́fíìsì wa. Bí ẹ bá fara mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ ó fọwọ́ sí i, tàbí kí ẹ tẹ àtàǹpàkò.*

125

Ẹ-wí-tẹ̀lé-mi ka èsì náà níwájú gbogbo kíláàsì. Ó ní ẹni tó gba mẹ́fà àti ààbọ̀ nínú kíkà rèé, kí onígbàjámọ̀ lọ kọ́gbọ́n.

"Ṣùgbọ́n Màmá, ìlà kékeré yìí, kí ló dé?"

"Wọ́n ní kí n wá kà á ni."

126

Ọ́fíìsì náà, ojú fèrèsé. Àga méjì: Màmá, ìyá Nọ́ọ̀sì. Akọ̀wé tẹ ìwé kan síwájú wọn. Ojú kan péré, bírò ni wọ́n fi kọ ọ́, wọn kò fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà wọ́ díẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lọ ìwé inú ọ̀rá fún ọdún mọ́kànlélógójì kò lè ṣì í mọ̀.

"Ìsàlẹ̀ níbí lẹ máa fọwọ́ sí, Màmá," akọ̀wé ní. Ó ti ṣí ike tàdáwà sílẹ̀. "Tàbí kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín ní ṣókí? Kò le. Ìṣẹ́jú méjì ni."

"Ìṣẹ́jú méjì," Màmá ní, "pẹ́ gan-an, ọmọ mi."

Ó wọ gíláàsì. Ó ká àtàǹpàkò sínú ìkúùkù, ó gbé ìkúùkù náà lé itan. Ọmọ rẹ̀ rọra sún àga mọ́ ọn, títí orí wọn fi fẹ́ẹ́ kanra lórí ìwé náà.

Màmá fi ìka ìfábẹ̀là sábẹ́ ọ̀rọ̀ kìíní.

*Èmi,*

Ó dúró níbẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ máa kà á lọ," ọmọ rẹ̀ ní.

Ó sún ìka rẹ̀ síwájú